Iṣẹ́ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ní SS2, ẹ jọ̀ọ́, mo parọ́ fún yín. Mo ní báńkì ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Onílù ni wọ́n.

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé gángan lọ sí Bódìjà. Mo rò pé ìnáwó ni. Àṣé yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni, kò tó kíláàsì wa méjì. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Orí WhatsApp làwọn ọ̀dọ́ ti pe ara wọn. Wọ́n sanwó, wọ́n jókòó sórí ẹní. Gìtá wà, kíbọ́ọ̀dù wà, bàbá mi náà wà níbẹ̀ tàwọn ti fìlà wọn. Ojú tì mí, mo sá sẹ́yìn sípíkà.

Kò pẹ́ ni iná lọ. Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀ títí, kò dáhùn. Gìtá dákẹ́, kíbọ́ọ̀dù dákẹ́. Ṣùgbọ́n gángan ò lo iná: igi, awọ, ọsán àti kọ̀ǹgọ́ ni. Bàbá mi ò dúró. Ìlù ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, ẹnikẹ́ni ò wúkọ́.

Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Oríkì mi ni. Bàbá mi ló ń lù ú."

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Àyàn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi. Òun la fi ń mọ ọmọ onílù. Èmi ni mo gé e kúrò lára àwọn ìwé mi. Mo ti kọ ọ́ padà.