Aṣọ Ìkélé ní Cow Lane: Ẹ̀ṣọ́ Ilé Ẹni Tó Wà Lájò

Ní àárín gbùngbùn ìlú Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà, ni òpópónà kan wà tí wọ́n ń pè ní Cow Lane. Màlúù ló wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, èrò àti ọjà ni yóò bá pàdé. Kò jìnnà sí Makola, ọjà tí àwọn ìyá aláṣọ sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Kantamanto níbi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà.

Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní agbègbè yìí kò ní ṣàì ronú kan aṣọ ìkélé. Oríṣi kan wà tó gbayì gidigidi, òun ni alásorọ̀: aṣọ tí wọ́n há igun rẹ̀ méjèèjì mọ́ òkè fèrèsé, tí àárín rẹ̀ wá rọ̀ sílẹ̀ bí okùn jangirọ́fà. Ewé àti òdòdó ni àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ kọ́kọ́ ń so rọ̀ báyìí. Àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára ògiri, kí àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù tó fi aṣọ ṣe é.

Ojú lásán ló ń wò ó bí aṣọ tí wọ́n kàn jù sókè. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gé e tààrà. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni yóò gé e, kí ó lè rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí aṣọ ìkélé bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, èyí tó rọ̀ lókè kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn òkun lè ráyè wọlé. Iṣẹ́ télọ̀ kì í sì í ṣe àjèjì ní Accra. Ní ọdún 1836 ni àwọn tó gbòmìnira lóko ẹrú ní Brazil, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tabon, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ wà lára ohun tí wọ́n mú bọ̀.

Bí aṣọ ṣe ń rọ̀ náà ni iná ń rọ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń so ó, igi àjà sì ni ìkọ́ rẹ̀ gbọdọ̀ wọ̀, nítorí wáyà iná kọ́ ló yẹ kó gbé ẹrù rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ a máa gbóná, aṣọ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ní ọdún 2007, nígbà tí omi Akosombo fà tí iná ọba sì di ọ̀wọ́n, ìjọba Gánà pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀ fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fojú kéré iná, kó rántí Kantamanto: ní òru ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ níbẹ̀ ló jó di eérú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti fi Accra ṣe ilé, débi pé Lagos Town ni orúkọ tí Accra New Town ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà; orúkọ wọn ló kù sára báàgì tí gbogbo wa mọ̀ títí dòní.

Àjò kì í dùn kí odídẹrẹ́ má rè Ìwó. Síbẹ̀, ẹni tó wà lájò kò ní torí pé òun yóò relé kó fi fèrèsé sílẹ̀ níhòòhò. Ọjọ́ tí àṣẹ 1969 dé, ògiri kò ṣeé gbé, àjà kò ṣeé ká. Ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé ṣeé tú, ó ṣeé dì sínú ẹrù, ó sì ṣeé so rọ̀ sí fèrèsé mìíràn nílé. Kí ẹni tó bá ń ra aṣọ ní Cow Lane fi èyí sọ́kàn: kó wọn fèrèsé rẹ̀ dáadáa, kó sì fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un, nítorí fèrèsé ti ọ̀la lè fẹ̀ ju ti òní lọ.