Orúkọ Tó Bá A Wá

Ajá náà ti pé oṣù méje nígbà tí wọ́n mú un wá bá mi ní Mọ́níyà. Ọmọ àbúrò mi ló ni ín. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gba físà Kánádà, wọ́n ti ta fíríìjì, wọ́n ti ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti pín ìkòkò àti abọ́ fún àwọn aládùúgbò. Ajá nìkan ló kù nílẹ̀ tí wọn ò rí ẹni fún.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á. Èmi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa so ó mọ́ igi."

Mo ní kó máa mú un bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ni wọ́n dé láti Súrùlérè. Ajá ìbílẹ̀ ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí iyẹ̀pẹ̀ Ọ̀yọ́, etí rẹ̀ kan nà, èkejì wó sílẹ̀. Lọ́kì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan kan iyẹ̀pẹ̀, ó sì tètè gbé e padà bí ẹni tó tẹ iná. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti tọ́ ọ. Orí táìlì ló ti kọ́ ìrìn, orí táìlì ló ti ń sùn, kò tíì fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ohun tí ilẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi dì mọ́ ọn tó ń sunkún, ó dúró jẹ́ẹ́. Àfìgbà tí ọkọ̀ náà ṣẹ́rí jáde ní géètì ló sáré lọ sẹ́yìn àgbá omi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi, kò sì jáde mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló lò níbẹ̀. Òru ló ń yọ́ jáde wá jẹun. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yọjú láti ojú fèrèsé, wọ́n ń pè é ní Bíńgò, wọ́n ń ju búrẹ́dì sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Bàbá kan ládùúgbò, tí òun náà ń sin ajá, sọ fún mi pé ẹ̀pa ò bóró mọ́, pé ajá tí kò bá ti kékeré mọ ilé, kò lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1965, John Paul Scott àti John L. Fuller gbé ìwé kan jáde lórí iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lórí ọmọ ajá ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá tí wọ́n bí ajá ni inú rẹ̀ máa ń ṣí jù sí èèyàn àti sí ohunkóhun tó bá bá pàdé. Ohun tí kò bá rí nígbà yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ lè máa bà á títí. Ṣùgbọ́n "lè" ni mo di mú níbẹ̀. Lọ́kì ti mọ èèyàn. Ó mọ ariwo jẹnẹrétọ̀, ó mọ tẹlifíṣọ̀n, ó mọ àtẹ̀gùn ilé. Ilẹ̀ ni kò mọ̀, àti ewúrẹ́, àti adìyẹ, àti ojú ọ̀run tó tẹ́jú láìsí òrùlé. N kò rí olóríkunkun nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí ayé rẹ̀ yí padà láàárín wákàtí mẹ́ta ni mo rí.

Nítorí náà, mo kọ́kọ́ fi ohun tó mọ̀ sílẹ̀ fún un. Ìrẹsì àti ẹja ṣáwá ló ń jẹ nílé wọn, láago méje àárọ̀ àti láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nílé tèmi, ẹ̀bà ni ajá ń jẹ, ṣùgbọ́n ìrẹsì náà ni mo ń sè fún un, láago méje àti láago mẹ́fà. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹ̀bà díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ̀bà tó gba abọ́, kí inú má baà run ún. Ọmọ àbúrò mi fi àjákù ìró kan tó máa ń sùn lé ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí n má fọ̀ ọ́, n kò sì fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn àgbá ni mo tẹ́ ẹ sí.

Bí mo ti tẹ́ ìró náà tán, mo gbé àpótí ìdáná mi lọ síbẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń ṣa ẹ̀wà. Nínú àṣà tiwa, ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà. Láàárín ajá, ìtẹjúmọ́ni lè jẹ́ ìhàlẹ̀, nítorí náà n kò wo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kejì, mo ń já ewédú. Lọ́jọ́ kẹta, mo kàn jókòó lásán. Lọ́jọ́ kẹrin ni imú tútù kan fara kan ìgúnpá mi. N kò yíjú padà. Mo ń já ewédú mi lọ, àyà mi sì ń lù kìkì.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rọrùn ju bí mo ti rò lọ. Bí mo bá mú un lọ sínú ọgbà, yóò mú un mọ́ra títí a ó fi wọlé, yóò wá tọ̀ sórí táìlì ilé ìdáná, torí táìlì ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo mú ìwé ìròyìn tí mo fi nu ìtọ̀ náà, mo tẹ́ ẹ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Imú rẹ̀ ló ṣàlàyé ìyókù fún un. Eyín rẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàrọ̀ tán nígbà yẹn, eyín ọmú méjìdínlọ́gbọ̀n tó ń fi àyè sílẹ̀ fún méjìlélógójì, ó sì jẹ sálúbàtà mi méjì. Aṣọ ìnura tí mo ta ní kókó ni mo fi rọ́pò wọn.

Orúkọ ló gbà mí lọ́kàn jù.

Ní agbo ilé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, a kì í sọ ajá ní orúkọ òfìfo. Ajá bàbá mi tí mo mọ̀ jù ń jẹ́ Tanímọ̀ọ̀la. Bí bàbá mi bá ti ń pè é láàárọ̀ kùtù, tó ń fa ohùn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lódìkejì ògiri á ti gbọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí Lọ́kì fi dà bí orúkọ tí kò ní ìtàn létí mi. Mo ti wá orúkọ kan kalẹ̀: Ayélàjò. Ó bá ajá yìí mu, ó bá àwọn tó ni ín mu. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ tó nà kò mì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, iná lọ, mo ń táràrà wá àtùpà, ó sì bọ́ lẹ́nu mi: "Lọ́kì, ṣé o wà níbẹ̀?" Orí rẹ̀ yọ lẹ́yìn àgbá.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn, mo sì rántí ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Òṣogbo. Kò sí ìkà níbẹ̀. Bí a ti ń tọ́ ọmọ nìyẹn, ojú kan ní í bí i, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ti wà nílé yẹn tó ń jẹ́ orúkọ mi. Kí ó má baà dàrú, wọ́n ní Kékeré ni kí wọ́n máa pè mí. Mo jẹun yó nílé náà, wọ́n rán mi nílé ìwé, wọn ò nà mí ju ọmọ wọn lọ. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí wọ́n bá pe Kékeré, mo máa ń wo ẹ̀yìn mi kí n mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Lálẹ́, mo máa ń pe orúkọ mi sínú aṣọ ìbora, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n má baà gbàgbé rẹ̀.

Láti alẹ́ yẹn, Lọ́kì ló ń jẹ́ lẹ́nu mi.

Nígbà tó di ìparí oṣù kẹsàn-án, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí káàdì rẹ̀ fi hàn pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kù tí kò tíì gbà. Èyí ni mi ò lè fi ṣeré, torí bí dìgbòlugi bá ti fojú hàn lára èèyàn tàbí ajá, ikú ló sábà máa ń jẹ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n lórí tábìlì. Dókítà gbé abẹ́rẹ́, Lọ́kì wá gbogbo ibi tó lè fi orí rẹ̀ sí, ó sì kì í bọ abẹ́ apá mi.

Nínú oṣù kẹwàá, òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Ààrá ń sán, fèrèsé ń mì. Mo gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀kùn yàrá mi. Mo ṣí i, ó wọlé, ó ti rin gbindin, ó sì dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ níbi tí sálúbàtà mi wà. Ó sùn kí n tó padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. Àjákù ìró náà wà nínú ẹrẹ̀, níbi tí àgbàrá wọ́ ọ sí. Mo ṣàn án nínú omi lásán, láìfi ọṣẹ sí i, mo sá a sórí okùn. Nígbà tó gbẹ, mo tẹ́ ẹ padà sẹ́yìn àgbá. Lọ́kì wá gbóòórùn rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.