Láyé Àkámọ́ Méjì-Méjì

Ní oṣù Kẹta ọdún 2005, nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lost, ọkùnrin méjì tó ń rìn kiri nínú igbó erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì bá òkú kan pàdé nínú aṣọ àlùfáà. Wọ́n tú àpò rẹ̀, náírà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan há sórí igi lókè wọn. Ẹni tó bá mọ ibi tí Nàìjíríà wà nínú àwòrán ayé ò lè gbọ́ ìyẹn kó dákẹ́. Irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, epo mélòó ló rù tó fi gbéra nílẹ̀ wa tó sì lọ já sí ẹ̀yìn ayé lọ́hùn-ún?

Àwọn tó kọ eré náà ò yára dáhùn. Àwọn olùwòran ló gbé ìbéèrè náà rù, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n sì ti ń tú u ni Lostpedia, wíkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ọdún kan lẹ́yìn tí eré náà kọ́kọ́ jáde lórí ABC. Ojú-ewé tí ẹni tó ń kà á lè tún kọ ni wíkì. Ward Cunningham ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1995, Wikipedia sì sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀, àmọ́ lójú tèmi, àwọn olólùfẹ́ eré ló sọ ọ́ di agbo. Àwọn ará Star Trek ti ní tiwọn, Memory Alpha, láti 2003. Àwọn ará Star Wars dá Wookieepedia sílẹ̀ ní 2005 bákan náà.

Kí ló wá kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀? Mr. Eko ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006 ni wọ́n fi ìtàn rẹ̀ hàn: ọmọ Nàìjíríà ni, àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Yemi, àwọn ológun kan gbé e lọ ní kékeré dípò àbúrò náà, ó dàgbà tán ó di oníṣòwò oògùn olóró. Ẹrù rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ orí igi yẹn, tí wọ́n kó pamọ́ sínú ère Màríà. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí òbí Yorùbá bí sí Lọ́ńdọ́nù, ló ṣe Eko. Gbogbo ohun tí wọ́n pè ní Nàìjíríà nínú ìtàn náà, erékùṣù Oahu ní Hawaii ni wọ́n ti yà á, bí wọ́n ti ṣe ń ya eré náà tẹ́lẹ̀, ojú wa sì mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, orúkọ Èkó lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀! Èmi àti àwọn tí a jọ ń lọ káfè íńtánẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe kí a má lọ wo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

A ò kúkú rí i lọ́jọ́ tó jáde. Dísíìkì tó ti ọjà Alaba wá la fi ń wò ó, ọ̀pọ̀ ìpín á sì ti wà lórí ẹyọ kan, tí àwòrán á máa gbọ̀n. Lostpedia ní òfin líle pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ohun tí wọn ò tíì fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, kó má baà ba adùn eré jẹ́ fún ẹlòmíràn. Kí ni òfin yẹn fẹ́ ṣe fún ará Ìbàdàn tí dísíìkì rẹ̀ ṣì wà lọ́nà? Ní oṣù Kọkànlá 2006 tí Eko kú, orí wíkì ni mo ti gbọ́, mo sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán kí n tó rí i kó kú.

Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 'edit' sí ni ẹnu ọ̀nà. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ojú-ewé tó rẹwà á pòórá, àpótí funfun á jáde, ọ̀rọ̀ á kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ pẹ̀lú àmì tójú ò rí rí. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ ṣẹ́rí padà. Ẹni tó bá dúró á máa tú u díẹ̀díẹ̀. Àkámọ́ onígun méjì níwájú, méjì lẹ́yìn: ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn di ìjápọ̀ sí ojú-ewé mìíràn. Bí ojú-ewé náà bá ti wà, ọ̀rọ̀ náà á yọ ní búlúù. Bí kò bá sí, á yọ ní pupa, àwa sì mọ ohun tí pupa yẹn ń wí: ẹ wá kọ mí. Àmì kékeré tó máa ń rọ̀ sókè ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá fi méjì síwájú tí a fi méjì sẹ́yìn, lẹ́tà á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá di mẹ́ta, lẹ́tà á ki, á dúdú. Àmì ó-dọ́gba méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì ló ń ṣe àkọlé. Àkámọ́ onítẹ̀ méjì ló ń pe tẹ́ńpléètì, èyí tó ń gbé àpótí ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé jáde, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀dá ìtàn sí, iṣẹ́ rẹ̀, àti bó ṣe kú. Tilde (~) mẹ́rin ló sì ń buwọ́ lùwé fúnni, tó ń fi orúkọ àti àkókò sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ lójú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù káfè tí lẹ́tà rẹ̀ ti pa rẹ́, wíwá tilde nìkan lè jẹ tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn dé ìdajì.

Ìwé ìtọ́sọ́nà wà, a ò kà á. Ojú-ewé tó bá wù wá la máa ń ṣí. A ó tẹ 'edit' bí ẹni pé a fẹ́ ṣe nǹkan sí i, a ó wo bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe to àmì rẹ̀, a ó dà á kọ sí ojú-ewé ìdánrawò tiwa, a ó wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di fífi pamọ́. Ó jọ ti ọmọ tó wọṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ: wọn kì í kọ́kọ́ kó àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, bọ́tìnnì ni wọ́n á ní kó máa rán, ojú rẹ̀ á sì máa wà lára ọwọ́ ọ̀gá. Sípẹ́lì ni a kọ́kọ́ ń tún ṣe. Lẹ́yìn náà ló kan ìjápọ̀, kó tó wá kan odindi ìpínrọ̀. Ẹni tó bá ti ń ṣe tẹ́ńpléètì ti gba fírídọ̀ọ̀mù nìyẹn. NEPA náà kọ́ wa ní tirẹ̀: kọ díẹ̀, fi pamọ́, kọ díẹ̀ sí i, torí iná ò ní kí ẹ kú iṣẹ́ kó tó lọ.

Àwọn ọ̀gá tí mo ń wí yìí, a ò mọ̀ wọ́n rí. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn ni a mọ̀. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ iléèwé, wọ́n lè jẹ́ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n bí ohun tí o kọ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á dá a padà sí bó ṣe wà, wọ́n á sì kọ ìdí rẹ̀ sí ìlà kékeré ìsàlẹ̀: ìpín wo lo ti rí i? Èyí tó dáa nínú wọn á tún wá bá ọ lójú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ, á kí ọ káàbọ̀, á ṣàlàyé. Àwọn kan burú o. Wọ́n ń ṣe bí ẹni pé bàbá wọn ló ni wíkì. Àmọ́ èèyàn ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé o dé.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn ní Lostpedia ni pé wọ́n ya ohun tí ojú rí nínú eré sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí èèyàn rò. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé àbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Náírà inú àpò òkú, ojú-ewé gidi nìyẹn. Bí ọkọ̀ ṣe ti Nàìjíríà dé Pàsífíìkì, ojú-ewé àbá. Ní oṣù Kẹta 2006, nínú ìpín kan, ilẹ̀kùn irin já lé ẹsẹ̀ Locke, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn eré náà, iná àrà ọ̀tọ̀ kan sì tàn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀: àwòrán ilẹ̀ kan wà níbẹ̀, tí ẹnìkan fi ọwọ́ yà, tí èdè Látìnì sì wà káàkiri rẹ̀. Àwọn èèyàn dá fíìmù dúró, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ náà lẹ́yọ lẹ́yọ, àwọn tó gbọ́ Látìnì túmọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn tún ìtumọ̀ náà ṣe. Níwájú ojú wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí a bá tẹ 'history', a ó rí ẹni tó gbé lẹ́tà kan kúrò àti ẹni tó dá a padà.

Kíkọ wíkì ò ṣòro tó bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí, mi ò sì ní sọ pé ìrọ̀rùn ò dára. Àbúrò mi kan tó fẹ́ràn ìtàn aláwòrán One Piece, fóònù ló fi ń ṣàtúnṣe sí wíkì rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà ni. Ìjápọ̀ ní bọ́tìnnì, àkọlé ní bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ló ń bá a to àmì yòókù lábẹ́lẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà mi níjọ́ kan.

“Bọ̀dá, kí lẹ ń ko gbogbo àkámọ́ yìí sí? Ṣé ẹ ò rí bọ́tìnnì lókè ni?”

Mo ní mo rí i.

“Ẹ ti dàgbà o.”

Mo bi í léèrè ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Mo bi í ta ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ó ṣí ojú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, a bá ìkíni kan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́. Kò tíì tẹ 'history' rí.

Ilé tí ọ̀pọ̀ wíkì wọ̀nyí ń gbé náà ti di ńlá. Jimmy Wales àti Angela Beesley ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú orúkọ Wikicities. Ó di Wikia ní 2006, ó di Fandom ní 2016. Lostpedia náà kó lọ síbẹ̀. Ìpolówó ọjà ló ń kí èèyàn níbẹ̀ lónìí, fídíò á sì máa sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ti kó ẹrù wọn jáde: nínú àwọn olólùfẹ́ géèmù, ọ̀pọ̀ ará World of Warcraft ní 2010, RuneScape ní 2018, Minecraft ní 2023. Ẹ̀dà àtijọ́ kì í bá wọn lọ. Ibẹ̀ ló ń wà, Google sì lè máa darí àlejò síbẹ̀ pẹ́ títí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nígbà náà, orí Discord, àpù ìtàkurọ̀sọ, ni wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí. Ó yá, mo gbà. Àbúrò mi béèrè nǹkan níbẹ̀, ìdáhùn dé kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó fẹ́ padà wá a, ọ̀rọ̀ ẹgbẹlẹmùkù ti bò ó mọ́lẹ̀. Àríyànjiyàn tí àwọn ará Lost ṣe ní 2006 lórí ọkọ̀ òfurufú yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè lọ kà á, pẹ̀lú orúkọ àti àkókò, tilde mẹ́rin mẹ́rin. Eré náà parí ní oṣù Karùn-ún 2010, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì fọ́n ká bí eré ti tán. Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí epo ọkọ̀ yẹn ò jáde títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò mi tún pè mí. Ó fẹ́ ṣe àpótí ẹ̀gbẹ́ tí yóò máa ka ọjọ́ orí àwọn ẹ̀dá ìtàn fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì kankan ò sì sí fún un. Mo ní kó wá ní Sátidé, kó má gbé fóònù wá, kọ̀ǹpútà ni kó gbé, kó sì kọ́kọ́ lọ wá ẹni tó ṣe àpótí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó kí i.

“Ibo ni mo ti fẹ́ rí i, Bọ̀dá?”

Mo ní kó tẹ 'history'.