Orin tí mo rò pé George Benson ló ni

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé George Benson ló ni “Here Comes the Sun”.

Àárọ̀ Sátidé ni Dádì máa ń gbé àwo ẹ̀, The Other Side of Abbey Road, sí i.

Àṣé ti Beatles ni! Wọ́n gbé Abbey Road jáde ní 1969. Benson sọ ọ́ di jáàsì, tiẹ̀ jáde ní 1970.

Nígbà tí Dádì kú, mi ò lè gbọ́ ti Benson mọ́. Ti Beatles ni mo ń gbọ́. Orin kan náà ni, àmọ́ Dádì ò sí níbẹ̀.

Lánàá, mo gbé ti Benson sí i. Mo sunkún, àmọ́ mo gbọ́ ọ dé òpin.