Ilé Gíà Ìyá Ẹlẹ́ja

Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn wa ti ń bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé girísì ni mo mọ̀, n kò mọ gègé. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn fúnra wọn ló pè mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Bàbá Ẹ́ńjìnì, ẹ kọ ọ́. Ẹ má sì fi nǹkan kan pamọ́ níbẹ̀." Àwáwí mi tán nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe níbí ní Port Harcourt. Ìlàjẹ ni mí, Igbókòdá ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ti darúgbó báyìí, Ọlọ́run ṣì dá wọn sí. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí ẹ máa ń rí tí ẹ bá wọkọ̀ ní Creek Road tí ẹ ń lọ sí Bonny, apá mẹ́ta ló pín sí. Òkè ni ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ wà. Àárín ni ọrùn rẹ̀ gígùn wà. Ìsàlẹ̀ pátápátá, tí kì í kúrò nínú omi, ni àwa ń pè ní ilé gíà. Ibẹ̀ ni ṣáfítì tó dúró ní òòró láti òkè ti ń pàdé ṣáfítì tó nà gbalaja, tó ń yí pùròpẹ́là. Gíà kékeré kan àti gíà ńlá méjì ló ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn: ọ̀kan láti lọ síwájú, ọ̀kan láti padà sẹ́yìn. Inú ọ́ìlì ni gbogbo wọn ń gbé, rọ́bà tín-ín-rín kan lásán ló sì wà láàárín ọ́ìlì yẹn àti òkun.

Ọkọ ìyá ẹlẹ́ja ló ni ọkọ̀ ojú omi tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ó sì wà níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Kò sẹ́ni tó rántí gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sókè kúrò nínú omi. Ta ni yóò rántí ìyẹn nínú ọ̀fọ̀? Yamaha 40 ni, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹnì kan tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà kó ẹja, tí yóò máa sanwó lóṣooṣù. Àwọn ọmọ máa wọlé ẹ̀kọ́ ní oṣù kìíní, owó ilé-ìwé ò sì tíì sí. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré." Ẹnu mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nígbà tí a gbé e dé, gíà ò wọlé, pùròpẹ́là ò yí rárá. Ó ti gan pa. Mo tú ìdè ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, omi ló kọ́kọ́ dà jáde, nítorí omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Lẹ́yìn náà ni ohun kan ń fà jáde tó funfun bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da mílíìkì sí. Tí ẹ bá ti rí ìyẹn, òkun ti wọlé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe, nítorí àwọn èèyàn rò pé ìdógùn-ún lásán ni. Àlùmíníọ́mù ni ara ilé gíà. Irin tí kì í dógùn-ún ni ṣáfítì àti àwọn bóòtù. Tí irin méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà bá kanra nínú omi iyọ̀, wọ́n á di bátìrì. Ọ̀kan nínú wọn ni èkejì máa ń jẹ, àlùmíníọ́mù sì ni ìyẹn. Á di ìyẹ̀fun funfun, ìyẹ̀fun yẹn á wú, yóò gba àyè ju bí irin tó di í ti gbà tẹ́lẹ̀ lọ, á wá há mọ́ àárín bí ìgbà tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí i. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń de síńkì kékeré kan mọ́ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, kí omi iyọ̀ máa jẹ ìyẹn ná. Síńkì ti ẹ́ńjìnì yìí wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún kó lè dán. Síńkì tí wọ́n bá fi ọ̀dà bò kò lè ṣiṣẹ́ kankan. Mo ti rí èyí tó pọ̀ ní ìlú yìí, ó máa ń bí mi nínú.

Pùròpẹ́là gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta. A fi pákó há a kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tó tú. A po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì, a ń rọ ọ́ sí i láàárọ̀ lálẹ́, a sì fi púlà fà á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó jáde, a rí okùn ìpẹja oníke lẹ́yìn rẹ̀, ó ti wé mọ́ ṣáfítì bí òwú mọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì ti gé rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì. Ibẹ̀ ni òkun gbà wọlé. Okùn bí irun báyìí! Ó ṣeé ṣe kí bàbá ti ń fi ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó kú láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ku ìdérí inú ilé gíà, èyí tó gbá ṣáfítì mú láti ẹ̀yìn. Bóòtù méjì ló dì í. Ọ̀kan tú, ọ̀kan kán sínú. Wẹ́dà bá mi jó nọ́ọ̀tì mọ́ orí èyí tó kán, ooru iná yẹn sì bá wa rọ̀ ọ́, ó tú. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ìdérí ò mì. Mo fi púlà sí i, púlà yọ̀. Mo tún un fi sí i, ó tún yọ̀. Ìyá ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó fẹ́ gba ọkọ̀ náà ti ń sọ pé òun máa wá òmíràn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ iṣẹ́ mi rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ṣé ká fi iná yá a?" Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó panu mọ́. Mo mú irin tó ní ẹnu pẹlẹbẹ, mo kì í bọ àárín ìdérí àti ara ilé gíà, mo gbé òòlù. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ìró rẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá ti ń lu irin pẹ́ mọ ìró yẹn, ó máa ń dún bí ìkòkò tó ti sán.

Ó sán ní etí, ní ibi tí rìǹgì onírọ́bà máa ń jókòó sí. Kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kó ti sán, nítorí omi yóò máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni ìyá ní kí n má fi pamọ́. Mo wo ọmọ iṣẹ́ mi lójú, mo ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Gọ́ọ̀mù onítúúbù méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí à ń pò pọ̀ tó máa ń le bí òkúta. Mo ti ṣe é lọ́kàn mi: tí ìdérí bá jáde, n ó dí i, n ó fi sáńpépà dán an, n ó kùn ún. Ojú kankan kò ní mọ̀ ọ́n. Yóò lo oṣù mẹ́ta, bóyá mẹ́rin, kí omi tó tún bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ọ̀nà Bonny ni gíà yóò ti wá gan, níbi tí omi fẹ̀ tí ìgbì sì ń gbé ọkọ̀. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe ń rò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyá yà wá kí wa, mo ti fi àkísà bo ojú ibẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún ọwọ́ mi, wọ́n gbé búrẹ́dì fún ọmọ iṣẹ́. Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá." Ọmọ náà ò jẹ búrẹ́dì yẹn títí di ọ̀sán.

Mo pe ọ̀gá mi ní Igbókòdá. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo fẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń yọ ìdérí tó gan. Wọ́n ní ṣé mi ò rántí ọṣẹ ni? Ó jọ pé mo ti gbàgbé lóòótọ́. Wọ́n ní, "Irin á pọ́n kó tó yọ́, á kìlọ̀ fún ẹ. Àlùmíníọ́mù kì í pọ́n. Á ṣì máa dán, á kàn ṣàdédé wó lulẹ̀ ni. Fi ọṣẹ gbígbẹ fa ìlà sí i lára. Tí ọṣẹ bá ti dúdú, gbé iná kúrò." Òótọ́ ni: irin ò ní yọ́ títí ooru á fi tó nǹkan bíi 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n 660 ni ti àlùmíníọ́mù.

Wọ́n wá béèrè pé, "Ilé rẹ̀ ńkọ́? O ò tíì sán an?"

Mi ò dáhùn. Wọ́n ní, "Hẹn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Tí o bá ti rí ilé mìíràn rà, pè mí, kí n sọ bí wàá ṣe to ṣíìmù rẹ̀ fún ẹ." Wọ́n pa fóònù. Wọn ò bú mi, wọn ò sì béèrè bóyá n ó rà á tàbí n kò ní rà á.

Mo lọ bá ìyá ní ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń la ẹja, mo dúró, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀, àti gọ́ọ̀mù tí mo ti gbèrò, àti àkísà. Wọn ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n la ẹja bíi mẹ́ta kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wo bí mo ṣe gbàdúrà fún ọwọ́ yín láàárọ̀." Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọjà, èmi àgbàlagbà. Wọ́n ní, "Ẹ dìde jàre. Ìgbà wo ló máa tó jáde?"

Ilé ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ni owó. A fọ ọ́ìlì kúrò, a ṣí ìdè méjèèjì sílẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa há sínú, a gbé iyanrìn sítòsí. Mo fi ọṣẹ fa ìlà, ọmọ iṣẹ́ mú iná. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ àná nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fi lé e lórí. Ìta nìkan ni a ń yá, a ń yí iná ká láìdúró lójú kan, kí ilé lè fẹ̀ kí ìdérí inú tó gbóná bá a. Ọṣẹ pọ́n, ó dúdú. A fi púlà sí i. Ó kọ̀. A jẹ́ kó tutù, a tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ "gbọ́ọ̀", ó mì. Mo fẹ́ pariwo. Gíà ẹ̀yìn dára, gíà iwájú dára. Bíárìn ló ti lọ tán. A tú nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ gíà kékeré, a fa ṣáfítì òkè jáde, gbogbo rẹ̀ wà lórí tábìlì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àlòkù ni ilé gíà tí mo rà. Owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ láti fi kan páànù ilé mi nílé ni mo fi rà á, oṣù kan àti ààbọ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ owó yẹn. Páànù ò tíì dé orí ilé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀gá mi sọ ọ̀rọ̀ ṣíìmù fún mi lórí fóònù fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ṣíìmù ni irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bíi bébà tó ń sọ bí eyín gíà kan ṣe máa sún mọ́ èkejì. Ilé tí a bá pààrọ̀, a ní láti tún un wọ̀n. Tí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀ jù, wọ́n á jó. Tí wọ́n bá jìnnà, eyín á kán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tú u. A fi girísì sí gbogbo ibi tí irin ti kanra. A de síńkì tuntun, mo sì bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó má fi ọ̀dà kàn án. Kó máa gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sókè lálẹ́, kó máa fi omi dídùn fọ̀ ọ́, kó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ní gbogbo wákàtí 100. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ nínú ìjọ, ẹ gbọ́ tiyín náà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ìyá pẹ́ wọlé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èmi ni mo fà á, mo sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ wọn fúnra mi.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá tí ọkọ̀ náà ti rìn, a tú ìdè ọ́ìlì wò. Ó mọ́, ó ń dán bí oyin. Ìyá béèrè owó iṣẹ́. Mo ní kò sí. Wọn ò gbà. Wọ́n ka owó sórí tábìlì, wọ́n ní, "Èyí ni ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ti ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ilé gíà tó sán ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ tábìlì. Mo fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra ohun àlòkù, ọmọ iṣẹ́ mi ní ká fi í sílẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń kó ọṣẹ sí.