Bíńgò ń gbó, Tańmọ̀la ò sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ajá méjì tó wà nílé wa. Ó máa gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ bá mi kà á dópin, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀. 🧵

1. Ìtòsí Lálúpọn là ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Ìwó láti Ìbàdàn, tẹ́ ẹ kọjá Ìyànà Ọ̀fà, ẹ ti ń sún mọ́ wa nìyẹn. Oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó ló yí wa ká. Màmá mi ń yan gàrí tà. Ajá níbí kì í ṣe nǹkan fáàrí. Òun ló ń ṣọ́ ewúrẹ́, òun ló ń lé òkété, òun náà ló ń jí wa tí àlejò òru bá dé.

2. Bíńgò pupa, ó tóbi, ohùn ẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ń gbó ọlọ́kadà. Ó ń gbó ìyá alágbo. Ó ń gbó òṣùpá. Lọ́jọ́ kan, aṣọ tí màmá mi sá sórí okùn ló ń gbó, títí a fi lọ ká a wọlé. Àwọn ọmọ iléèwé ti wá ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà, kí wọ́n má bàa kọjá níwájú ilé wa.

3. Tańmọ̀la dúdú, abo ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá àgbà ló sọ ọ́ lórúkọ. Tẹ́ ẹ bá dàgbà ní ìgbèríko, ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá lè jẹ́ òwe. Wọ́n fi ń ta aládùúgbò lólobó láì bá a jà. Ẹni kan á máa fi owó yangàn, bàbá á kàn jáde síta, á máa pe ajá ẹ̀: "Tańmọ̀la! Tańmọ̀la o!" Ẹni tọ́rọ̀ kàn á ti gbọ́.

4. Ìdí àgbada gàrí ni Tańmọ̀la máa ń sùn sí. Kì í gbó. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀bà sílẹ̀, Bíńgò á ti gbé tiẹ̀ mì kẹ́ ẹ tó yíjú. Tańmọ̀la á dúró kí gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀ ná. Bí àdúgbò ṣe pín wọn nìyẹn: Bíńgò ni jàgídíjàgan, Tańmọ̀la ni ọmọlúàbí.

5. Fídíò ló jẹ́ kí n rí i pé ìpín yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń ya àwọn méjèèjì fún yín. Tí mo bá ń gé fídíò yẹn sí wẹ́wẹ́, mo máa ń rí nǹkan tí ojú lásán ò rí. Bíńgò á máa gbó, ìrù ẹ̀ á máa jù fìrìfìrì, gbogbo ara ẹ̀ rọ̀. Tí àlejò bá dúró tó pè é lórúkọ, Bíńgò náà ló máa sá sẹ́yìn.

6. Tańmọ̀la ńkọ́? Tí ọmọdé bá gbá a mọ́ra, á pa etí ẹ̀ dà sẹ́yìn. Á máa lá ẹnu nígbà tí kò sóúnjẹ níwájú ẹ̀. Á yán nígbà tí oorun ò kùn ún. Funfun ojú ẹ̀ á yọ. Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ wò ó, ara ẹ̀ balẹ̀." Ara ẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò kàn lóhùn tó fi máa sọ ọ́ ni.

7. Kí ló fà á? Ìwà àbímọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ ajá ní àsìkò kan, láti bí ọ̀sẹ̀ 3 sí bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 14, tó jẹ́ pé ohun tó bá bá pàdé nígbà náà ló máa gbà pé kò léwu. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọ́n bí Bíńgò sí: ariwo, ọmọdé, jẹnẹrétọ̀. Inú oko kòkó ni wọ́n bí Tańmọ̀la sí. Bàbá àgbà nìkan ló mọ̀ títí tó fi pé oṣù mẹ́rin.

8. Ó wá di oṣù Decemba. Àwọn ọmọ ń yin báńgà kiri. Tańmọ̀la wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ, ó ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ ọdún 8, ọmọ ilé kejì wa, àánú ẹ̀ ṣe é. Ó rákò wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ní òun fẹ́ fà á jáde kóun rẹ̀ ẹ́. Tańmọ̀la gé e lọ́wọ́ jẹ.

9. Ẹ gbọ́ èyí o. Bí ariwo ṣe sọ pé "Ajá gé ọmọ jẹ!", gbogbo èèyàn mú igi, ọ̀dọ̀ Bíńgò ni wọ́n gbà lọ. Bíńgò tó wà lórí ṣéènì láti àárọ̀! Ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń sunkún pé, "Kì í ṣe Bíńgò, kì í ṣe Bíńgò."

10. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Tańmọ̀la ni, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. "Ajá jẹ́jẹ́ ló yíwọ́ yẹn? Dìgbòlugi ni!" Ẹnì kan ti ń pe ẹni tó máa ń ra ajá pa jẹ. Ìyá ọmọ ní kí wọ́n bu epo pupa wá, káwọn fi pa ojú ọgbẹ́. Mi ò bá wọn wí. Ẹ̀rù dìgbòlugi tó ẹ̀rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran bí 99 nínú 100. Tí àmì ẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é.

11. Màmá mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, omi àti ọṣẹ ná." Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọgbẹ́ yẹn lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15. Èmi ni mò ń wo aago. Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá mi ló sanwó.

12. Mo wá mú káàdì Tańmọ̀la jáde. Ọdọọdún là ń gbé àwọn méjèèjì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa á. Tí itọ́ ajá bá ti ní dìgbòlugi lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ, àìsàn á hàn lára ẹ̀, á sì kú láàárín ọjọ́ 10. Tó bá wà láàyè tí ara ẹ̀ dá lẹ́yìn ọjọ́ 10, ọkàn gbogbo wa á balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa á lónìí, ta ló máa sọ fún wa? Ẹni tó ń kun ún gan-an lè kó o.

13. Ọjọ́ 10 yẹn gùn. A so Tańmọ̀la mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ ọn àfi èmi. Láràárọ̀, ìyá ọmọ yẹn á wá dúró lókèèrè, á ní, "Ṣó jẹun?" Màá ní, "Ó jẹun, mà." Á wò ó títí, á lọ. Mi ò rò pé ó sùn dáadáa. Èmi náà ò sùn. Bíńgò ò yéé gbó.

14. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó wá, kò bèèrè bóyá ó jẹun. Ó ní, "Ọmọ mi ní kí n bá òun kí i." Ó kí i láti ibi tó dúró sí, ó yí padà, ó lọ. Títí dòní, kò fẹ́ràn ajá wa, mi ò sì retí kó fẹ́ràn wọn. Àmọ́ ó ti gbé ajá tiẹ̀ náà lọ gba abẹ́rẹ́.

15. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ: ajá tó ń gbó ti sọ tẹnu ẹ̀. Èyí tó dákẹ́, ẹ wo etí ẹ̀, ẹ wo ìrù ẹ̀. Tó bá wọ abẹ́ nǹkan lọ, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé, torí nínú èèyàn 100 tí ẹran tí wọ́n fura sí pé ó ní dìgbòlugi gé jẹ, bí 40 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

16. Tí ajá bá gba abẹ́rẹ́ tó 70 nínú 100 ládùúgbò kan, dìgbòlugi ò ní ráàyè tàn níbẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù September lọdọọdún ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, àmọ́ ẹ má dúró dè é. Tẹ́ ẹ bá wà nítòsí Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ wo káàdì ajá yín lálẹ́ òní. Ọjọ́ wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?