Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Nílé Ìlá, Lórí Ẹjọ́ Tí Wọ́n Dá Lẹ́yìn Wa

Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọmọ Ọ̀ràngún, ọmọ Ajagúnnlá Fágbàmílà,

  

Lẹ́tà yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì tún un kà, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi ojú fò: pé ilẹ̀ oko bàbá wa lójú ọ̀nà Òkè-Ìlà, níbi tí ọ̀pẹ àti obì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn wà, kóòtù ti dá a fún ẹlòmíràn, pé ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa níbẹ̀, àti pé ẹnu àwọn tí ń ti ọjà bọ̀ ni ẹ̀yin fúnra yín ti gbọ́ ìdájọ́. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ilé ti ń pọ́n àdá, ibẹ̀ gan-an ni àyà mi ti já. Ẹ bá mi fi orúkọ bàbá wa bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ṣá ẹnì kan lọ́gbẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn, ẹjọ́ tí a lè jàre rẹ̀ yóò bí òmíràn tí a kò ní lè jàre rẹ̀ láéláé.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Òfin ń gbèjà ẹni tí a kò pè sí ẹjọ́. Kò gbèjà ẹni tí a pè tí kò jẹ́. Kí á tó máa pariwo kiri Ìlá pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni tiwa.

Àwọn baba wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ààfin nìkan ni kóòtù, ẹmẹ̀sẹ̀ ọba ni yóò lọ pe ẹni tí a fi sùn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní ìtàn kan tí àwọn amòfin wọn kì í gbàgbé. Yunifásítì Cambridge gba oyè ìwé lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Richard Bentley láìpè é kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn adájọ́ ọba ní 1723, ọ̀kan nínú wọn, Fortescue, sọ pé Ọlọ́run tìkára rẹ̀, tí kò sí ohun tó pamọ́ fún un, kò dá ẹjọ́ Ádámù títí ó fi kọ́kọ́ ké sí i, tí ó sì bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Wọ́n dá oyè Bentley padà fún un. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, nítorí pé gbogbo ayé ló mọ Bentley sí aláròyé tí kò mọ ẹni à ń bọ̀wọ̀ fún, síbẹ̀ kò sí ẹni tó sọ pé nítorí ìwà rẹ̀ kí a má pè é.

Ní ilẹ̀ wa, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi í sí abala 36, pé nígbà tí a bá fẹ́ pinnu ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni, kóòtù tí kì í ṣègbè gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ láàárín àkókò tó bójú mu. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn ni wọ́n ní ẹnì kan dá, abala náà tún ní kí a tètè sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí a fún un ní àyè tó tó láti múra, kí ògbufọ̀ sì wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. (Ẹ ka ibi yìí sókè fún àwọn tí ń pọ́n àdá, nítorí àwọn gan-an ni yóò nílò rẹ̀ bí wọn kò bá gbọ́rọ̀.) Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ọ́ ní 1966, wọ́n tún tẹnu mọ́ ọn ní 1981 nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Skenconsult, pé bí ìwé ìpẹ̀jọ́ kò bá dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́ bí òfin ti wí, kóòtù kò ní agbára kankan lórí rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀, asán lórí asán ni, bí adájọ́ tilẹ̀ gbọ́n bí ifá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wo tiwa. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọbìnrin kékeré tí ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé ni akódà kóòtù já ìwé lé lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, pé ọmọ náà há a sábẹ́ ewé nínú apẹ̀rẹ̀, pé ẹ kò rí i títí ìdájọ́ fi jáde, àti pé omi ẹ̀kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i rẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, inú mi ìbá dùn: ọmọdé tí kò mọ ìwé kà kì í ṣe ẹni tí a ń tipasẹ̀ rẹ̀ pe àgbà sí kóòtù, ìrọ̀lẹ́ òní kì í sì í ṣe àkókò tó tó láti múra ẹjọ́ àárọ̀ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ tún fi gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, bí ẹni tó sọ ọ́ tí kò fẹ́ sọ ọ́, pé nígbà tí ẹ ń ká obì, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ kóòtù wá béèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ ní kí wọ́n sọ fún un pé ẹ kò sí nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú ilẹ̀ ló yẹ kó máa wò. Ṣé ẹ rí gbólóhùn yẹn, òun ni mo bẹ̀rù ju ìdájọ́ náà lọ. Bí akódà bá padà lọ búra pé a ń sá fún òun, adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ilé wa, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ti lẹ̀ ẹ́, òfin kà á sí pé ó ti dé ọwọ́ yín, ì báà jẹ́ pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa rò pé ẹni tí kò gba ìwé kò lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n sísá fún akódà kò dá ẹjọ́ dúró; ṣe ló ń fún ẹni tó pè wá ní àyè láti máa sọ̀rọ̀ ní òun nìkan.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ mú lọ́yà kan lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, kí ó béèrè láti wo fáìlì ẹjọ́ náà, kí ó sì sanwó gba ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí. Ẹ ní kí ó wá ìwé ìbúra akódà jáde, nítorí ibẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, àkókò, ibi tó ti fi ìwé náà jíṣẹ́ àti ẹni tó fi lé lọ́wọ́. Bí ó bá búra pé ẹ̀yin ni òun fún ní ọjọ́ tí gbogbo ìjọ mọ̀ pé ẹ wà níbi ìsìnkú ní Ọ̀rà, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Ẹ tún wò ó bóyá àṣẹ wà pé kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Kí ó wo iye ìgbà tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú pẹ̀lú, àti bí wọ́n ti fi ọjọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan tó wa létí. Nítorí bí kóòtù kò bá jókòó ní ọjọ́ tí wọ́n dá, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ káàkiri nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà 2021, ìwé ọjọ́ tuntun gbọ́dọ̀ tún jáde. Ẹ má sì gbàgbé àbúrò wa tó wà ní Ìkẹjà, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiyín. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó wà, Ọ̀ṣun sì ni kóòtù. Ìwé tó bá ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn báyìí gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ lára pé ìta ni yóò lọ, ó sì gbọ́dọ̀ fún ẹni tí a pè ní 30 ọjọ́, ó kéré tán. Ọ̀ràn ọjọ́ yìí gan-an wà nínú ohun tó ba ẹjọ́ Skenconsult jẹ́. Àbúrò wa ní ẹnikẹ́ni kò fún òun ní nǹkan kan, òun kì í sì í purọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gbé fóònù.

Bí fáìlì bá fi hàn pé a kò pè wá ní tòótọ́, ẹ̀tọ́ wa ni kí kóòtù náà fagi lé ìdájọ́ rẹ̀, kì í ṣe àánú. Bí ó bá fi hàn pé wọ́n pè wá, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kù, adájọ́ yóò sì bi wá bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ Hope Rising ní 1982: kí ló dé tí ẹ kò wá? Ṣé ẹ tètè dé nígbà tí ẹ gbọ́? Ṣé kò ní pa ẹnì kejì lára jù? Ṣé ẹ ní ohun gidi kan sọ lórí ilẹ̀ náà? Ohun kan náà ni wọ́n ń bi ènìyàn níhìn-ín. Ọmọ Ọ̀tan kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó kúrò ní ilé tó ń gbé láìsọ fún àwọn tó jẹ lówó, ìwé kóòtù lọ sí ilé àtijọ́, ìdájọ́ gorí rẹ̀. Nígbà tó máa fi ṣe nǹkan kan sí i, ó ti pẹ́ ju ohun tí adájọ́ lè gbà lọ. Ní tiwa, oṣù mẹ́ta ni òfin fún wa láti gbé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de oṣù kẹta.

Ẹ rí i pé nọ́mbà fóònù lọ́yà tó wà nínú fáìlì jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́, nítorí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti gbà pé àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tó láti fi ọjọ́ ẹjọ́ tó agbẹjọ́rò létí. Ẹ ya ìwé inú apẹ̀rẹ̀ yẹn ní fọ́tò kí omi tó jẹ ìyókù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Bí akódà bá tún wá, ẹ jáde sí i, ẹ fún un ní omi mu, ẹ gba ìwé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti àkókò sí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú rẹ̀. Owó lọ́yà yóò ti ọwọ́ àbúrò wa wá; ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ adájọ́ ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. 

Èmi ni àbúrò yín.